Ìṣẹ́jú-Àáyá Ọgbọ̀n

Ohùn mi ni.
Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò ní kùtù hàì,
lẹ́yìn ìkéde òkú, kí ìròyìn tó wọlé,
èmi Ibitóyè ọmọ Ìyàrá ni mo kà á
nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé epo ní Kàbà,
fóòmù lára ògiri kí ariwo ọ̀kadà má baà wọlé,
òógùn ń kán sórí ìwé lọ́wọ́ mi.

"Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n jí gbé lọ́nà oko yín lọ́dún tó kọjá.
Ta ló kàn?
Ẹ dìbò kí ilẹ̀ tó ṣú."

Wọ́n ní kí n fa ohùn sísàlẹ̀,
kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé.
Ọmọkùnrin tó ń lo kọ̀ǹpútà fi ìró bàtà sábẹ́ rẹ̀,
bàtà kan ṣoṣo, tó ń tẹ ewé gbígbẹ,
tó ń súnmọ́ni, tí kì í dé.

Mo wádìí kí n tó kà á, ẹ má bú mi.
Mẹ́ta ni lóòótọ́. Mo mọ orúkọ wọn.
Mo mọ̀ pẹ̀lú pé méjì ti padà wálé,
pé ọ̀kan nínú wọn ló bá mi lẹ táyà lọ́jọ́ Ẹtì,
àti pé ẹni tó sanwó ìpolówó yìí
ló wà lórí àga káńsù
nígbà tí owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà náà dáwọ́ dúró.
Mo béèrè bóyá a lè fi ìyẹn kún un.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n la rà, ọ̀gá.
Òótọ́ yòókù ò lè gbà níbẹ̀."

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje
bàbá mi pariwo "Ejò!" nínú oko ẹ̀gẹ́.
Ẹ̀rù bà mí dé mùdùnmúdùn.
Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí i: lábẹ́ òkúta yẹn, lápá òsì.
Ó ní kí n gba ọ̀tún,
òun náà sì dúró tòun ti kùmọ̀ títí mo fi kọjá.
N kò lè sọ pé gbogbo ìdẹ́rùbani ló burú.
Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n dàgbà.
Àmọ́ ejò tí mo kà lórí rédíò,
n kò sọ ibi tó ká sí,
n kò sọ ọ̀nà ọ̀tún,
àpótí ìbò nìkan ni mo nawọ́ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ kí ìyá mi.
"Òkun o." "Òkun, ọmọ mi."
Àpò kájú ṣófo lẹ́nu ọ̀nà,
bẹ́ẹ̀ kájú ń já bọ́ lóko bí òjò,
ewúrẹ́ àti eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́.
"Ẹ ò lọ oko ni?"
"Ọkùnrin kan wà lórí rédíò," ìyá mi wí,
"ohùn rẹ̀ wúwo. Ó ní ta ló kàn."

Kò mọ̀ mí.
Obìnrin tó mọ ikọ́ mi láàárín èrò ọjà,
kò mọ̀ mí.

"Ṣé irọ́ ló ń pa?"
"Rárá, kò parọ́."
"Ṣé òótọ́ ló wá sọ?"
Mo wo ẹsẹ̀ mi. Adìyẹ kan kọjá.
Mo ní ká jọ lọ ṣa kájú,
ó ní kí n ní sùúrù, ìbò kù díẹ̀,
bóyá ọkùnrin yẹn máa dárúkọ ẹni tó kàn.

Owó náà ṣì wà lápò ṣòkòtò mi.
Lánàá wọ́n tún pè: apá kejì ti wà nílẹ̀,
ìlọ́po méjì ni wọ́n máa san.
N kò tíì dá wọn lóhùn.
Mo ń dá rìn lọ́nà oko, àpò kájú léjìká,
mo gbọ́ bàtà kan lẹ́yìn mi, tó ń tẹ ewé gbígbẹ.
Mo dúró.
Òun náà dúró.